Díìsìkì Tí Kò Rí Yàrá Wọ̀

Bí ẹ bá gba Agbowó kọjá, ní òdìkejì ọ̀nà sí Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n sì ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Irú ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé díìsìkì rẹ̀ sáré lọ nígbà tí Linux bá kọ̀ tí kò gbà á wọlé mọ́, tí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó bá ṣe ní wákàtí yẹn ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ náà yóò yè.

Kí ni à ń pè ní mount ná? Ken Thompson àti Dennis Ritchie ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969. Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991, ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Nínú Windows, díìsìkì kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀, bí ilé tí ó dá dúró. Agboolé kan ṣoṣo ni Unix ní, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ni àmì yìí: /. Àlejò tí ó bá dé gbọ́dọ̀ gba yàrá nínú agboolé náà, bíi /mnt/ise. Fífi í wọ yàrá yẹn ni mount. Bí kò bá sí yàrá, ẹ fi sudo mkdir /mnt/ise dá a sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé àlejò náà tilẹ̀ dé? Ẹ tẹ lsblk. Bí ẹ kò bá rí orúkọ bíi sdb1, ẹ má tíì dá Linux lẹ́bi. Ẹ pààrọ̀ wáyà, ẹ kì í bọ ihò mìíràn. Wáyà tí ó ti gbó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ sudo dmesg, kí ẹ ka ohun tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń rò. Bí “I/O error” bá ń jáde lemọ́lemọ́, tàbí tí díìsìkì ń dún kọ́kọ́kọ́, àìsàn náà ti wọ ara irin. Ẹ ṣíwọ́ níbẹ̀! Ẹ fi ddrescue ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí díìsìkì mìíràn, lórí ẹ̀dà náà ni kí ẹ ti wá gbogbo àtúnṣe.

Bí irin bá le, tí ó jẹ́ pé wọ́n mú iná lọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ètò fáìlì ni ó ṣeé ṣe kí ó ti dàrú. Ẹ kọ́kọ́ tẹ sudo fsck -n /dev/sdb1, tí yóò kàn wò ó láì fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá gbà kí ó ṣàtúnṣe, ẹ yọ -n kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ ṣe é lórí díìsìkì tí ó ti wọ yàrá. Bí ó bá ní superblock ti bàjẹ́, ẹ má bọkàn jẹ́: ext4 máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, ọ̀kan sì sábà máa ń wà ní 32768. Ẹ tẹ sudo e2fsck -b 32768 /dev/sdb1.

Ti Windows yàtọ̀. Fast Startup rẹ̀ kì í pa kọ̀ǹpútà tán, ó kàn ń sùn ni. Nítorí náà Linux lè kọ̀ láti kọ nǹkan sórí díìsìkì NTFS tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Ẹ padà sínú Windows, kí ẹ tẹ shutdown /s /t 0.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kan o. Bí ẹ bá ki díìsìkì ext4 bọ Windows, yóò ní kí ẹ “format” rẹ̀. Kò mọ èdè rẹ̀ ni. Kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Ẹni tí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni ti fọwọ́ ara rẹ̀ nu iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó bá sì wọlé, ẹ kó fáìlì jáde ná. Kí ẹ tó fà á yọ, ẹ tẹ sudo umount /mnt/ise, kí ẹ dúró títí àmì $ yóò fi padà hàn, nítorí ohun tí ẹ rò pé ẹ ti kọ sílẹ̀ lè ṣì wà lójú ọ̀nà.