Bí Mo Ṣe Gé Àpótí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Kí Omi Lè Máa Tù Ú

Láti ọjọ́ tí à ń pín èrè ọdún, tí mo sọ ọ́ bí àwàdà pé kọ̀ǹpútà mi ń mu omi, àwọn èèyàn kò jẹ́ n sinmi mọ́. Màmá kan tó ń ta aṣọ láàárín wa ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé ohun tí òun mọ̀ ni pé omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Òótọ́ ni màmá sọ. Akọ̀wé wa wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìwé wa yìí, nítorí àwọn tó ń tẹ̀wé, àwọn tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà àti àwọn tó ń ṣe fídíò pọ̀ nínú wa, ooru sì ń bá gbogbo wa fínra. Bí mo ṣe ṣe é nìyí, àti ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Iṣẹ́ fídíò ìnáwó ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Owó tí mo yá nínú ẹgbẹ́ wa ni mo fi ra ọpọlọ tuntun àti bọ́ọ̀dù tuntun sínú kọ̀ǹpútà mi, ọmọ ẹgbẹ́ méjì ló sì ṣe onídùúró fún mi. Bí kọ̀ǹpútà náà kò bá ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí n ó fi san owó oṣù, àwọn méjèèjì yẹn ni wọn yóò sì kọjú sí. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù Máàṣì, nígbà tí oòrùn ń jó páànù lókè orí wa, kọ̀ǹpútà náà a ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, a bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín, a sì kú fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyá ìyàwó sì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tó ń dúró de fíìmù ọmọ rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọ̀gá fídíò, ṣé ó dìgbà tí ìyàwó bá bímọ kí a tó rí ìgbéyàwó rẹ̀ ni?" Mi ò rí nǹkan fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà mi, bó bá ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára, a máa jẹ iná tó 125 wáàtì. Gbogbo iná yẹn ló ń di ooru, ibi tí ooru náà sì ti ń jáde kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ rántí àwọn gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì tí ọwọ́ kò lè fà mú. Ẹ wá ronú pé méjì irú rẹ̀ ló wà nínú páálí ìṣáná kan. Bí ooru bá súnmọ́ 100 dígírì, ọpọlọ náà á dẹ eré rẹ̀ kù kó má baà jóná. Bí ooru kò bá rọlẹ̀ síbẹ̀, á pa ara rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn, ààbò ni wọ́n fi ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni tó sáré wá omi, ẹ kọ́kọ́ tú u, kí ẹ gbọn eruku inú rẹ̀ dànù, kí ẹ nu ìpara funfun tó ti gbẹ lórí ọpọlọ náà, kí ẹ sì fi tuntun sí i. Èyí nìkan á tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Èmi náà ṣe é. Ó dára sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Mo wá fẹ́ ra irin ìtutù ńlá onífáànù tí wọ́n ń gbé lé ọpọlọ. Èyí tó lágbára nínú wọn ga tó sẹ̀ǹtímítà 16. Àpótí mi kò sì fẹ̀ ju 18 lọ láti òde dé òde, nígbà tí ẹ bá sì yọ àyè tí bọ́ọ̀dù jókòó sí, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò ní padé.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò ra àpótí tuntun. Àpótí náà jẹ́ irin gidi, aláwọ̀ ẹyin-erin, irú èyí tó kún ọ́fíìsì ní nǹkan bí ọdún 2000. Ìwọ̀n tí Intel gbé jáde ní 1995, tí wọ́n ń pè ní ATX, ni wọ́n ṣì fi ń lu ihò bọ́ọ̀dù títí dòní, nítorí náà bọ́ọ̀dù tuntun wọ inú rẹ̀ láìsí ìjà. Irin rẹ̀ nípọn ju ti ọ̀pọ̀ àpótí olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà báyìí. Ká má sì parọ́, òun ni kọ̀ǹpútà tí mo kọ́kọ́ fi jẹun. Mi ò lè gbé e fún àwọn olókùúta irin.

Omi kì í ṣe ohun tuntun nínú iṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà ńlá 3081 tí IBM gbé jáde ní 1980, omi ló ń tù ú. Cray-2 ti 1985 tilẹ̀ rì pátápátá sínú ohun olómi kan tí iná kì í gbà kọjá. Ní 2004 Apple fi ohun olómi sínú Power Mac G5 tó yára jù nínú tiwọn. Àwọn tó sì kọ́kọ́ ń ṣe é nílé ara wọn l'Ámẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, rédíétọ̀ kékeré tó ń mú inú mọ́tò gbóná nígbà òtútù ni wọ́n ń tú lò, pẹ̀lú pọ́ǹpù inú ilé ẹja. Ìdí rẹ̀ kò le: bí afẹ́fẹ́ àti omi bá kún agolo kan náà, ooru tí omi lè gbà kí ó tó gbóná dé ibì kan ju ti afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 3,000.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ti mọ́tò. Pálábá bàbà kan jókòó lórí ọpọlọ, ọ̀nà tín-ín-rín wà nínú rẹ̀ tí omi ń gbà. Pọ́ǹpù ń ti omi kiri nínú rọ́bà, rédíétọ̀ ń gba ooru lára omi, fáànù ń fẹ́ ooru náà lọ. Ilé omi kékeré kan wà lókè pọ́ǹpù kí afẹ́fẹ́ má baà wọ inú rẹ̀, nítorí pọ́ǹpù tó bá ṣiṣẹ́ láìsí omi kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ọjà Araròmi ní Gate ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, láàárín àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò, pé kí n wá rédíétọ̀ kékeré bíi ti àwọn ará ìṣáájú. Mo rí ọ̀kan tó fúyẹ́ bí ìyẹ́, ó ń dán. Díẹ̀ ló kù kí n sanwó, mo wá rántí pé alumíníọ́ọ̀mù ni. Pálábá orí ọpọlọ jẹ́ bàbà. Bí bàbà àti alumíníọ́ọ̀mù bá ń pín omi kan náà mu, wọn yóò di bátìrì, alumíníọ́ọ̀mù ni yóò sì jẹ tán díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu. Mo fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló wá bá mi fi ti kọ̀ǹpútà gan-an ránṣẹ́, tòkúnbọ̀, bàbà àti idẹ, pẹ̀lú pọ́ǹpù àti rọ́bà rẹ̀.

Gígé ló kù. Rédíétọ̀ onífáànù méjì ni. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 277, ìbú rẹ̀ 120, ó nípọn tó 30. Fáànù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tún gba 25. Ẹ rí i pé mo nílò àyè tó jìn tó 55. Nínú àpótí ìsinsìnyí, orí òrùlé ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí. Ní tàtijọ́, àpótí iná ló wà lókè lẹ́yìn, kò sí àyè ńbẹ̀. Iwájú ló kù, ibẹ̀ sì ni ilé hádì dísìkì àti ti sídì kún fọ́fọ́. Mo fi dírììlì lu orí gbogbo rífẹ́ẹ̀tì tó de ilé hádì dísìkì títí ó fi já bọ́, mo gé ìsàlẹ̀ ilé sídì, mo sì gbé hádì dísìkì lọ sí òkè ibi tó kù. Ẹni tí rédíétọ̀ onífáànù kan bá tó kò ní ṣe wàhálà tó báyìí: àyè sídì mẹ́rin tó bá tẹ̀lé ara wọn ga tó mìlímítà 165 lápapọ̀, ó sì fẹ̀ tó 146. Bí wọ́n bá ti yọ irin inú rẹ̀, ó gbà á.

Mo gé páálí sí ìwọ̀n rédíétọ̀, mo fi páálí náà dán an wò nínú àpótí kí n tó fọwọ́ kan irin. Láti ihò sikúrù kan sí èkejì lára fáànù 120 jẹ́ mìlímítà 105, ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa. Bí ó bá yẹ̀ ní mìlímítà méjì, kò ní wọlé. Mo fi tépù aláwọ̀ ìyeyè bo ojú irin, mo fa ìlà sí orí tépù, mo lu ihò yí ìlà náà ká, mo wá fi ayùn oníná gé e. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ kó gbogbo nǹkan inú àpótí jáde o! Ìyẹ̀fun irin tó bá bọ́ sórí bọ́ọ̀dù lè pa á lọ́jọ́ tí ẹ bá tanná sí i. Mo fi fáìlì rá etí rẹ̀, mo kùn ún kó má baà dípẹtà, mo sì la rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín, mo fi bo etí náà kó má baà gé rọ́bà omi. Pílásítíìkì iwájú wá di pa, afẹ́fẹ́ kò lè gbà á. Mo gé òun náà, mo fi nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé dí i nítorí ọyẹ́. Èyí kò lẹ́wà. Ìyàwó mi ní ó dà bí àgò adìẹ.

Ibi tí mo ti ṣì í nìyí. Wọ́n mú iná lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mò ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́. Oríṣi sikúrù méjì ló bá rédíétọ̀ wá. Èyí tó gùn tó mìlímítà 30 wà fún fáànù, nítorí ó ní láti gba inú fáànù kọjá kó tó kan rédíétọ̀. Èyí tó kúrú wà fún dídè é mọ́ irin àpótí, tí kò nípọn ju mìlímítà kan lọ. Mo mú èyí tó gùn níbi tó yẹ kí n mú èyí tó kúrú. Mo gbọ́ "kẹ̀rẹ̀", mo ní bóyá ó ti wọlé dáadáa ni.

Ọpẹ́ ni pé mo dán an wò. Ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí: ẹ rọ omi sí i, kí ẹ fi iná sí pọ́ǹpù nìkan, kí ohunkóhun mìíràn má ṣe gba iná, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ ó yọ gbogbo wáyà tó lọ sí bọ́ọ̀dù kúrò lára àpótí iná, ẹ ó wá fi wáyà kékeré so èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ dúdú kan ní ẹnu ńlá rẹ̀, á tàn. Ẹ má ṣí inú àpótí iná fúnra rẹ̀ o, iná máa ń kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́. Mo tẹ́ tíṣù sábẹ́ gbogbo oríkèé. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí tíṣù iwájú fi tutù rin. Omi ń kán tó tó tó láti ojú sikúrù náà. Ká ní mo ti tan kọ̀ǹpútà ni, bọ́ọ̀dù ẹ̀yáwó ni ìbá fi wẹ̀.

Mo padà sí Gate lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíétọ̀ ṣe. Ó yí i síwá sẹ́yìn. "Bàbá, mọ́tò wo ló ní kékeré báyìí?" Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọpẹ́ ni pé kò tíì máa mu bẹntiróòlù." Nítorí pé bàbà àti idẹ ni, òjé mú un. Ó dí ọ̀nà omi kan ṣoṣo tí mo lu náà pa, ọ̀nà yòókù ń ṣiṣẹ́ lọ. Mo fi omi gbígbóná ṣan inú rẹ̀ léraléra, nítorí oògùn tí wọ́n fi ń jó òjé máa ń jẹ bàbà bí ó bá kù síbẹ̀. Mo tún dán an wò ní wákàtí 24 mìíràn. Tíṣù gbẹ ṣáṣá.

Nípa irú omi: kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í ṣe píọ̀ wọ́tà. Iyọ̀ inú wọn á máa gbá jọ síbi ọ̀nà tín-ín-rín. Omi bátìrì ni mo lò, èyí tí wọ́n ti sẹ́, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ má lọ ra ásíìdì. Mo fi oògùn díẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ewé omi hù sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú da yìnyín sí i. Rárá o. Ẹ wo ìgò míníra tó jáde látinú fíríìjì bó ṣe ń làágùn. Bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà àti bàbà yóò ṣe làágùn sórí bọ́ọ̀dù. Omi lásán kì í tutù ju afẹ́fẹ́ yàrá lọ, nítorí náà kì í làágùn, ṣùgbọ́n kò sì lè sọ yàrá gbígbóná di tútù. Bí yàrá bá jẹ́ 33 dígírì, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú yàrá oní-33 yẹn, ọpọlọ tó máa ń dé 100 kò kọjá 78 mọ́, bí mo tilẹ̀ fi í ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Fíìmù màmá yẹn jáde lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Owó tí mo ná lórí gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì owó kọ̀ǹpútà mìíràn, ṣùgbọ́n ó gba òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ mi, ẹni tí kò bá ní sùúrù kó má dán an wò. Mo ń pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mo sì ń gbọn nẹ́ẹ̀tì iwájú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́, torí eruku ibẹ̀ ni ooru fi ń padà wá.

Páálí tí mo fi wọn ihò àti ìwé tí mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, kó rí mi lẹ́yìn ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kó dá a padà o.