Fọláṣadé Adú: Ọmọ Ìbàdàn Nínú Orin Sóòlù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi ní Jos, bí Smooth Operator bá ń dún níbi àríyá, ẹlòmíràn a ní orin òyìnbó ni. Ó kù díẹ̀ káàtó. Ìbàdàn ni wọ́n bí Helen Fọláṣadé Adú sí ní 1959. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá ló sì dàgbà sí ní Essex.

Ní 1984, àwo kékeré àkọ́kọ́ tí òun àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ gbé jáde, Your Love Is King, dé ipò kẹfà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló mú un dùn? Ṣadé kì í pariwo. Bí ó bá ti lé orin, fèrè saksofóònù Stuart Matthewman a máa gbè é. Gìtá báàsì Paul Denman a sì máa rọra tì wọ́n lẹ́yìn. Ṣé lílé àti gbígbè ṣàjèjì sí wa?

Wọn kò fi àmì sábẹ́ 's' lára àwo náà. Síbẹ̀, Ṣadé ló fi di olókìkí, kì í ṣe Helen. Àwa tí à ń fi orúkọ ilé pamọ́ ní kíláàsì kí ó má baà nira lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ.