Dígí, Hóró àti Ìmọ́lẹ̀: Àkíyèsí láti Ara Ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun

Nínú kíláàsì wa ní Gadumo, ní Lọ́kọ́ja, a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé èdè Yorùbá kò lè ṣàlàyé ìmọ̀ dígí, nítorí pé ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni dígí ti wá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìlẹ̀kẹ̀ ilẹ̀ wa gan-an ni a óò fi ṣe àlàyé náà.

Àwọn Másàgá ní Bídà sábà máa ń yọ́ ìgò láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi rò pé dígí àjèjì ni wọ́n ń yọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Abídèmí Babalọlá gbé jáde ní 2017 lórí ohun tí ó hú ní Igbó Olókun, tí ìlẹ̀kẹ̀ ibẹ̀ lé ní 12,000, fi hàn pé wọ́n ń pèsè dígí tiwọn láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí kẹẹ̀ẹ́dógún. Kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù tí ó pọ̀ lápọ̀jù nínú rẹ̀ ni ó tú àṣírí náà.

Kóbọ́ọ̀tì ni aró ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ búlúù lórí àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n sì ń di aláwọ̀ ewé bí oòrùn bá gba inú wọn kọjá. Aró nìkan kò lè ṣe èyí. Àlàyé tí ó bá a mu ni hóró kéékèèké tí ojú kò rí: wọn a máa fọ́n ìmọ́lẹ̀ búlúù, tí ìgbì rẹ̀ kúrú, ká, ìyókù a sì kọjá.

Irú hóró bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ òde òní ń mọ̀ọ́mọ̀ gbìn sínú dígí. Nínú iyọ̀, àwọn átọ́ọ̀mù tò bí ebè inú oko. Nínú dígí, sílíkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan di ọ́síjìn mẹ́rin mú, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ so mọ́ra láìlétò, bí àwọ̀n tí ó ti lọ́. Bí flúórìnì bá wà nínú rẹ̀, tí a sì tún un mú gbóná láì jẹ́ kí ó yọ́, hóró flúóráìdì yóò hù. A dábàá pé kí a pè é ní dígí oníhóró. Ní 1993, Wang àti Ohwaki ṣe irú rẹ̀ ní Japan. Hóró rẹ̀ tó bí 20 nánómítà. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran kò kéré sí bí 400, nítorí náà dígí náà mọ́ gaara.

Wọ́n fi ẹ́bíọ̀mù àti itábíọ̀mù sí i. Bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ju ti pupa lọ sí i, èyí tí ojú kò rí, àwọ̀ tí ojú rí ni yóò tú jáde, nítorí pé ẹ́bíọ̀mù ń kó ìpín agbára méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ kí ó tó tú u sílẹ̀. Nínú dígí lásán, gbígbọ̀n líle àwọn átọ́ọ̀mù a sọ púpọ̀ nínú agbára náà di ooru; nínú flúóráìdì, gbígbọ̀n náà kò le tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé inú hóró ni ẹ́bíọ̀mù wọ̀? Ìtúpalẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ni. Nínú àwọ̀n aláìlétò, ibùgbé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ilà àwọ̀ wọn a sì fẹ̀ wọnú ara wọn. Nínú hóró, àwọn ilà náà a di tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a yà sọ́tọ̀ ketekete.

Ọ̀rọ̀ méjì ṣì ń fẹ́ àtúnyẹ̀wò: "dígí", tí ó tún jẹ́ orúkọ ohun tí a fi ń wojú, àti "hóró", tí a yá lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. A ń retí àbá àwọn ẹlẹgbẹ́ wa.