Ta Ni Yóò Bá Wa Ṣọ́ Ohun Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Wò?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Àrámọ̀kọ, mo lọ pe ọmọ mi ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fi fíìmù han àwọn oníbàárà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Mo bá a láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n lanu sílẹ̀, wọ́n ń wo bí ọkùnrin kan ṣe ń dúńbú ènìyàn nítorí oògùn owó. Òǹkà 18 hàn gbangba lára páálí fíìmù náà. Lóru ọjọ́ náà, ọmọ kò sùn. Ó ń bi mí bóyá bàbá òun náà lè fi òun ṣe owó.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti ìyá mẹ́rin mìíràn ya lọ bá onílé náà. A pariwo, a bú u, a ní àwa yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Kí ni a jèrè? Ó ta aṣọ bo fèrèsé, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni ó yé mi pé iṣẹ́ tí a fínnúfíndọ̀ ṣe pàápàá ń fẹ́ ètò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Òfin ọdún 1993 ni ó dá National Film and Video Censors Board sílẹ̀. Àjọ yìí ni ó ń yẹ fíìmù wò kí ó tó dé ọjà, tí ó sì ń fi àmì sí i. G wà fún tọmọdé tàgbà. PG ń sọ pé kí òbí wà nítòsí. 12, 15 àti 18 ń tọ́ka sí iye ọdún tí ẹni tí yóò wò ó gbọ́dọ̀ ti pé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àjọ náà kéde ìlànà tuntun láti dènà fífi oògùn owó àti sìgá mímu hàn bí ohun iyì. Ní ti tẹlifíṣọ̀n, National Broadcasting Commission, tí òfin ọdún 1992 gbé kalẹ̀, ni ó ń mójú tó o. Ìlànà rẹ̀ ni pé eré àgbàlagbà kò gbọdọ̀ jáde ṣáájú aago mẹ́wàá alẹ́.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè dúró ní gbogbo kọ̀rọ̀ Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ojú mẹ́rin ni ó ń bímọ, igba ojú ni ó ń wò ó. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú àmì ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, òbí ọlọ́mọ ni wọ́n ń yàn láti pinnu àmì tí ó yẹ fíìmù.

Bí ẹ bá fẹ́ kó àwọn ìyá jọ fún iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe yan ẹni tí ó ní ìjà pẹ̀lú onílé fíìmù, tàbí ẹni tí òun náà ń ta fíìmù. Ẹ jókòó papọ̀ kọ́ àwọn àmì náà títí tí yóò fi yé olúkúlùkù. Méjì-méjì ni kí wọ́n máa jáde, kí ẹnì kan lè jẹ́rìí ẹnì kejì.

Kí wọ́n ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ọjọ́, aago, ibi tí wọ́n lọ, orúkọ fíìmù, àmì rẹ̀ àti iye ọmọ tí wọ́n bá níbẹ̀. Ohun tí ojú rí ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe àgbọ́sọ. Kí wọ́n má ṣe kọ orúkọ ọmọ kankan.

Ẹ rán wọn létí pé wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Wọn kò gbọdọ̀ gba fíìmù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn, ì báà ṣe ìgò mínírà kan. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni kí ó ṣáájú. Bí ẹni náà kò bá yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ kọ̀wé sí àjọ náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín sí i.

Ẹ má sì di ẹrù tí ó wúwo jù lé ẹnikẹ́ni. Ìyá tí ó ń lọ sí ọjà, tí ó ń ṣe oko, tí ó tún ń tọ́ ọmọ, ìrọ̀lẹ́ kan lóṣù ti tó o. Ẹ máa pààrọ̀ ara yín, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí a tún padà lọ, àwa méjì péré ni a lọ, a sì kí onílé náà dáadáa. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá. Mo rò pé nọ́ńbà fíìmù lásán ni.” Ó ti ń dá àwọn ọmọdé padà báyìí.

Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Fíìmù tí ó wà lórí fóònù wa kì í sábà ní àmì kankan lára. Kí á tó jáde lọ ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ wa nínú pálọ̀.