Ẹ Jẹ́ Kí Á Kọ́ Àwọn Àbúrò Wa Ní Omi Wíwẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń lé ọmọ kúrò létí odò. A kò bá wọn jiyàn, àmọ́ àwa tí a wá kàwé lẹ́bàá Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja níhìn-ín mọ̀ pé omi kì í gbé òmùwẹ̀ nìkan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó ń kó èrò bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dojú dé sínú odò yìí kan náà lápá Pàtígì ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tó kú lé ní 100.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ kọ́ àwọn àbúrò yín. Àwọn tó ti pé ọdún 6 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí á máa kọ́. Ní ti àwọn tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí á má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dá sún mọ́ omi rárá. Ẹni tí kò bá mọ omi wẹ̀, kí ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí òun àti ọmọ jọ kọ́ ọ.

Ẹ má ṣe ti ọmọ sómi pé kí ó dá wá ọ̀nà jáde. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, ara rẹ̀ a le, a sì rì. Ẹ má lo odò tó ń ṣàn. Omi tó dúró jẹ́ẹ́, tó mọ́, tí kò kọjá àyà ọmọ ni kí ẹ wá.

Èémí ni àkọ́kọ́. Kí ọmọ fa èémí sínú, kí ó ki ojú bọ omi, kí ó sì fẹ́ ẹ jáde kí omi máa hó.

Èkejì ni kí ó léfòó. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé ìpàkọ́ rẹ̀, kí èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó kọjú sókè, kí etí rẹ̀ wọ omi. Atẹ́gùn inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbé ènìyàn léfòó; bó bá gbé orí sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rì. Bí ara rẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ rọra yọ ọwọ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀. Kí ó di etí omi mú, kí ó máa fi ẹsẹ̀ gbá omi láti ìbàdí, kì í ṣe láti orúnkún.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù: àbọ̀. Kí ó wọ omi, kí ó yí padà, kí ó sì padà wá di etí omi mú. Ọmọ tó bá mọ àbọ̀ ti ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ là. Fífi ọwọ́ tu omi lè dúró dìgbà mìíràn.

Ibi tí òwe àgbà ti wúlò nìyí: ọmọ tó ti mọ omi wẹ̀ díẹ̀ ni ojú àgbà máa ń kúrò lára rẹ̀. Ẹ dúró níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó o. Ẹ má tàkúrọ̀sọ, ẹ má tẹ fóònù, nítorí ẹni tó ń rì kì í sábà lè pariwo. Bí ọmọ bá sì rí ẹni tó ń rì, kí ó má bẹ́ sómi tẹ̀ lé e. Kí ó ké pe àgbà, kí ó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tàbí okùn sí i.

Omi kò ní gbé wa lọ́mọ lọ o.