Àkàrà Òyìnbó Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fún Ọdún Kérésìmesì

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ilé tí kò ní ààrò onígáàsì kò lè yan àkàrà òyìnbó fún àlejò ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru gbígbẹ tí ó yí i ká ni àkàrà náà ń fẹ́, ìkòkò irin sì lè pèsè rẹ̀. Kí alásè tẹ́ iyanrìn gbígbẹ sí ìdí ìkòkò, kí ó gbé agolo àkàrà lé e, kí ó dé e, kí ó sì kó ẹyín iná lé ọmọrí. Iyanrìn kò ní í jẹ́ kí ìdí rẹ̀ jó kí òkè tó jinná.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí èèpo rẹ̀ ti ń dúdú, èyí tí àwọn kan ń dà nù, ni ó dára jù. Bí ó ti ń pọ́n ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà. Nítorí náà ṣúgà díẹ̀ tó. Mẹ́ta tó fún ife ìyẹ̀fun méjì.

Ẹni tí ó rántí ọdún 1987, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de àlìkámà òkè òkun, kò ní fẹ́ fi ìyẹ̀fun ṣòfò. Ìwàǹwára ni ó sì ń fa òfò jù. Bí a bá ṣí ìkòkò kí ẹyin àti ìyẹ̀fun tó gan, atẹ́gùn tútù yóò mú kí àkàrà rì. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, kí alásè fi ẹyọ ọwọ̀ mímọ́ gún un láàárín. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti jinná.