Póò ọba, ṣìmí ayaba: kí ló wà nídìí àwàdà ààfin Versailles?

Lọ́dún 1999, BBC One gbé eré aláwàdà kan jáde tí wọ́n pè ní Let Them Eat Cake, ìyẹn ni pé kí wọ́n jẹ kéèkì. Ààfin Versailles nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1782 ni wọ́n fi ìtàn náà sí, nígbà tó ku ọdún 7 kí àwọn aráàlú dìde sí ọba, kí gbogbo nǹkan sì dojú dé. Jennifer Saunders ló ṣe ìyàwó ìjòyè kan, Comtesse de Vache. Dawn French ló ṣe Lisette, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orúkọ yẹn nìkan tó ẹ̀rín fún ẹni tó bá gbọ́ Faransé, torí màlúù ni wọ́n ń pè ní “vache”.

Eré náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń jókòó wò pẹ̀lú àna rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá ló kún inú rẹ̀: ọ̀rọ̀ ibùsùn, ọ̀rọ̀ ìdí, ọ̀rọ̀ ta ló yọ́ wọ yàrá ta. Àwọn obìnrin méjèèjì yìí ló sábà máa ń kọ eré wọn fúnra wọn, ṣùgbọ́n Peter Learmouth ló kọ èyí fún wọn. Apá 6 péré ló jáde, ó parí síbẹ̀. Bí mo ṣe wò ó sí, àléébù rẹ̀ ni pé kò tó òótọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàfin yẹn gan-an ju ohun tí aláwàdà rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí póò. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1682, Ọba Louis Kẹrìnlá kó ìjọba rẹ̀ lọ fìdí kalẹ̀ sí Versailles, lẹ́yìn ìlú Paris. Ó nídìí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn ìjòyè ńlá dìtẹ̀ mọ́ ìjọba, kò sì gbàgbé. Ó wá kó wọn jọ sábẹ́ òrùlé kan níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa tó wọn, ó sì fún wọn ní nǹkan tí wọ́n á máa du mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ta ni yóò na ẹ̀wù sọ́ba láàárọ̀? Ta ni yóò di àbẹ́là mú fún un tó bá ń bọ́ṣọ lálẹ́? Tí Kábíyèsí bá wá jókòó sórí àga tí wọ́n dá ihò sí láàárín, tí póò wà lábẹ́ rẹ̀, ìwé àṣẹ ni àwọn ọlọ́lá kan fi ń wọlé tì í. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ìwé àṣẹ, láti dúró ti ọba níbi tó ti ń yàgbẹ́. Kò sì sí ẹni tó kà á sí ìtìjú, torí ẹni tó bá débẹ̀ ti rí etí ọba gbà nìyẹn.

Àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò pa àṣà yìí rẹ́ pátápátá. Ìyáàfin Campan, tó sin Ayaba Marie Antoinette, kọ ìtàn òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ayaba ti bọ́ra sílẹ̀, ó ń retí ṣìmí. Òfin ààfin ni pé obìnrin tí ipò rẹ̀ ga jù lọ nínú yàrá ni yóò fún un. Wọ́n ti na ṣìmí ọ̀hún dé tán ni ìyàwó Ọmọọba Orléans wọlé. Ṣìmí kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mú un, ó di ọwọ́ tirẹ̀. Kó tó nà án, ìyàwó àbúrò ọba tún dé, ipò tirẹ̀ sì ga ju ti gbogbo wọn lọ. Ṣìmí tún pààrọ̀ ọwọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, ayaba káwọ́ mọ́yà níhòòhò, òtútù ń mú un. Tí òǹkọ̀wé eré bá hun irú èyí, wọ́n á ní ó ti ṣe é jù.

Ìbímọ náà ńkọ́? Gbangba ni. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1778, tí Marie Antoinette fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀, èrò ya wọ yàrá débi pé àwọn méjì gun orí àga kí wọ́n lè ríran dáadáa. Ayaba dákú. Ọkọ rẹ̀, Ọba Louis Kẹrìndínlógún, fúnra rẹ̀ ló ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé.

Ibi tọ́rọ̀ ti wúwo nìyí. Ara ọba ti di ọ̀ràn ìlú. Àwàdà tí wọ́n bá fi ara ọba dá, ọ̀ràn ìlú lòun náà. Lọ́dún 1770 ni tọkọtaya yìí ṣègbéyàwó, ó sì tó ọdún 7 kí wọ́n tó mọ ara wọn bí ọkọ àti aya. Gbogbo Yúróòpù ló gbọ́. Àwọn ìwé pélébé tó kún fún àlùfàǹṣá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: ọba kò lè ṣe ọkùnrin, ayaba ń ṣe ìṣekúṣe kiri. Ìlú London, níbi tọ́wọ́ ọlọ́pàá Faransé kò dé, ni wọ́n ti ń tẹ púpọ̀ nínú wọn. Lọ́dún 1774, ìjọba rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Beaumarchais lọ síbẹ̀ kó lọ fowó pa ẹnu òǹkọ̀wé kan tó fẹ́ tú àṣírí àlè ọba tó jẹ ṣáájú Louis Kẹrìndínlógún.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán Beaumarchais yìí kò bójú mu, àbí? Ọkùnrin yẹn kan náà ló kọ eré Ìgbéyàwó Figaro, níbi tí ìjòyè kan ti ń lé ìyàwó àfẹ́sọ́nà ìránṣẹ́ rẹ̀ kiri, tí ìránṣẹ́ sì gbọ́n ju ọ̀gá lọ. Ọba Louis Kẹrìndínlógún ní wọn ò gbọdọ̀ ṣe é láéláé. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1784, wọ́n ṣe é ní Paris, ilé eré kún fọ́fọ́, àwọn ìjòyè tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ sì ń pàtẹ́wọ́. Ìpìlẹ̀ Lisette ti 1999 wà níbẹ̀. Lọ́dún kejì, Marie Antoinette fúnra rẹ̀ ṣe Rosine nínú eré míì tí Beaumarchais kọ, ní gbọ̀ngàn kékeré tirẹ̀ ní Trianon, nínú ọgbà Versailles.

Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn náà ni wọ́n mú Kádínà Rohan. Àwọn oníjìbìtì ti tàn án pé ayaba fẹ́ kó bá òun ra ẹ̀gbà ọrùn dáyámọ́ńdì. Wọ́n mú un lọ pàdé “ayaba” lóru nínú ọgbà Versailles, aṣẹ́wó kan ni wọ́n sì wọ̀ láṣọ bí ayaba. Ilé ẹjọ́ dá Kádínà sílẹ̀ lọ́dún 1786. Lójú àwọn adájọ́, kò ṣòro gbà gbọ́ pé ayaba lè bá ọkùnrin pàdé nínú ọgbà lóru. Iṣẹ́ tí ìwé pélébé ti ṣe nìyẹn.

Kí wá ni ti “kí wọ́n jẹ kéèkì” tí wọ́n máa ń ní Marie Antoinette ló sọ? Rousseau ló kọ ọ́ sínú ìwé Confessions pé ọmọọba obìnrin ńlá kan, tí wọ́n sọ fún pé àwọn aráàlú kò rí búrẹ́dì jẹ, ní kí wọ́n jẹ brioche, ìyẹn búrẹ́dì tí bọ́tà àti ẹyin kún inú rẹ̀. Wáìnì tí Rousseau jí ní ilé ọ̀gá rẹ̀ ló ń wá búrẹ́dì tì lẹ́yìn nígbà tó rántí ọ̀rọ̀ náà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ń kọ ọ́, ọmọ nǹkan bí ọdún 10 ni Marie Antoinette, ní Vienna. Ọdún 1782 ni ìwé náà jáde, ọdún tí BBC fi eré rẹ̀ sí gan-an.

Nígbà tí wọ́n gbé ayaba dé ilé ẹjọ́ lóṣù Kẹwàá ọdún 1793, lẹ́yìn tí ìjọba ọba ti ṣubú, Hébert, oníwèé ìròyìn, dìde ó sì fẹ̀sùn kàn án pé ó bá ọmọ bíbí inú rẹ̀ ṣèṣekúṣe. Lọ́jọ́ 16 oṣù náà ni wọ́n bẹ́ orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kéèkì kò sí lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀.